Pẹ̀lẹ́ Lórí Pápá Felele

Bí ẹ bá kọsẹ̀ níwájú ilé Yẹ́misí Mákánjúọlá ní Natako, ní Lọ́kọ́jà, kí ẹ tó nàró, ẹ ó ti gba pẹ̀lẹ́ mẹ́ta: ti Yẹ́misí láti ojú fèrèsé, ti ọkọ rẹ̀ láti abẹ́ igi máńgòrò, ti Ayọ̀mídé ọmọ wọn láti ibikíbi tó bá wà. Bí ẹ bá wúkọ́, pẹ̀lẹ́. Bí ẹ̀fọn bá jẹ yín, pẹ̀lẹ́. Ìyá Yẹ́misí ló fi kọ́ ọ ní Ìyàrá nígbà tó wà ní kékeré, pé ẹni tó bá rí ẹni tó ṣubú tó sì panu mọ́, àfi bíi pé òun ló tì í. Yẹ́misí náà fi kọ́ ọmọ tirẹ̀, pẹ̀lú ẹnu àti pẹ̀lú pàṣán. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ Mákánjúọlá ò sì gbọdọ̀ jáde níhòòhò.

Ta ló wá mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ yìí náà ló máa di wàhálà lórí pápá tẹníìsì?

Ayọ̀mídé ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ tó ti ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri aládùúgbò wọn. Pàà! Pàà! Láti ìgbà tó bá ti ilé ìwé dé títí wọ́n á fi pè é wá jẹun. Aládùúgbò náà bẹ̀bẹ̀, ó bínú, nígbà tó yá ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí àdúgbò Felele. Ìgbà tí Ayọ̀mídé máa wọ yunifásítì, Felele náà ni wọ́n gbà á sí. Ọkùnrin yẹn á ti rò pé ọmọ náà ń lépa òun ni.

Ní yunifásítì ló ti bọ́ sọ́wọ́ Làtífù, olùkọ́ tẹníìsì, ọmọ àdúgbò Kpata tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti Ìlọrin wá tajà tí wọn ò padà mọ́. Làtífù kúrú, ó sanra, fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí àfi bó bá fẹ́ fi na ẹni tó ń ṣọ̀lẹ. Ó wo bí ọmọ náà ṣe gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó ní, "Ìwọ, ta ló bí ọ?" Kí Ayọ̀mídé tó dé ọdún kẹta, kò sí ọmọbìnrin tí ò tíì nà nínú ọgbà yẹn, àwọn ọkùnrin sì ti ń ṣàìsàn òjijì bí wọ́n bá ní kí wọ́n wá bá a gbá a. Ó gba wúrà níbi ìdíje àwọn yunifásítì. Wọ́n gbé e lé èjìká wọ inú ọgbà, òun náà sì ń ti òkè kí àwọn tó rù ú pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo wúwo, àbí?"

Ọjọ́ tó parí ìwé, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀. Ó ní, "Mo ti rí iṣẹ́." Yẹ́misí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ayọ̀mídé ní, "Tẹníìsì ni." Ọwọ́ Yẹ́misí dúró sókè níbẹ̀.

"Tẹníìsì ni iṣẹ́ ta?"

Ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́. Kò sí ohun tí ọmọ yìí lè ṣe tí kì í dùn mọ́ Mákánjúọlá nínú.

Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, eré ilé ìwé yàtọ̀ sí eré tí èèyàn fi ń jẹun! Nílé ìwé, wọ́n á gbé yín sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á fún yín ní búrẹ́dì àti ẹyin, wọ́n á máa kọrin orúkọ yín. Bó bá ti di iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa gbé báàgì yín, ẹ̀yin lẹ máa wá ibi tí ẹ máa sùn, ẹni tó wà ní òdìkejì nẹ́ẹ̀tì ò sì mọ Natako, kò mọ Felele, kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé yín lé èjìká rí. Láàárín ọdún kan, Ayọ̀mídé bọ́ sí ìdíje mọ́kànlá. Mọ́kànlá náà ni wọ́n ti nà án ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́.

Làtífù, tó ń tẹ̀ lé e káàkiri, ní kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ń dá a dúró, ẹnu rẹ̀ ni. Ní Kútọnu, afẹ́fẹ́ gbé fìlà alátakò rẹ̀ lọ, Ayọ̀mídé dúró kí i ní pẹ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá. Ní Àbújá, iṣan ẹsẹ̀ omidan kan ká, ó jókòó sílẹ̀, Ayọ̀mídé fo nẹ́ẹ̀tì, ó bá a wọ́ ẹsẹ̀ náà títí ó fi nà. Omidan náà dìde, ó dúpẹ́, ó sì lù ú bí ẹni lu bàrà. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Làtífù ní kó máa bu omi sẹ́nu gbá bọ́ọ̀lù, kó má gbé e mì, kó má tu ú dànù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Làtífù fúnra rẹ̀ yọ̀, ó jókòó gbì sórí pápá. Gbogbo omi ẹnu Ayọ̀mídé ló tú jáde sí i lára: "Pẹ̀lẹ́, sà!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi bá omi jà báyìí.

Lásìkò yẹn ni Yẹ́misí mú ìwé kan wálé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Yẹ́misí, ọ̀gá kékeré ní iléeṣẹ́ kan ní Lọ́kọ́jà, ọdún méjì ló sì fi ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn nítorí ìwé yìí. Ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ ni, orúkọ Ayọ̀mídé wà níbẹ̀ gàdàgbà, òǹtẹ̀ ìjọba wà ní ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, ni kó wọṣẹ́. Ẹ má bú Yẹ́misí o. Ó ti rí ọmọ rẹ̀ tó ń ti ìrìn àjò dé lẹ́ẹ̀mọkànlá, tó ń rẹ́rìn-ín fún wọn ní pálọ̀, tó sì ń lọ sunkún ní balùwẹ̀. Ó dun ìyá náà wọ egungun. Kò kúkú kórìíra tẹníìsì. Ẹkún balùwẹ̀ yẹn ló kórìíra.

Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. "Wọ́n ní ìdíje àwọn tó ń fi tẹníìsì ṣiṣẹ́ ń bọ̀ ní Felele lọ́sẹ̀ yìí. Ìlú rẹ nìyí, oòrùn rẹ nìyí. Bó o bá na ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀, n kò ní dárúkọ iṣẹ́ ìjọba fún ọ mọ́ láé. Bó ò bá na ẹnikẹ́ni, ọjọ́ Ajé, o ti jókòó sídìí tábìlì nìyẹn. Ṣé o gbà?"

Ayọ̀mídé wo ìwé náà títí dé orí òǹtẹ̀. "Mo gbà, mà."

Bó ṣe di ọjọ́rú nìyẹn. Mákánjúọlá wà níbi ìsìnkú kan ní Kàbbà, ó ń pe fóònù lemọ́lemọ́. Yẹ́misí tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó fi ìwé náà sínú báàgì, ó gun ọ̀kadà, ó di Felele. Kò wo ọmọ rẹ̀ lórí pápá rí láyé. Ká sọ òótọ́, kò lọ wòran. Ó lọ kó lè wà níbẹ̀ tí wọ́n bá nà án tán, kó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kó sì fi ìwé lé e lọ́wọ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ṣì rọ̀. Ìyá tó létò ni.

Làtífù fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí àga òǹwòran. Oòrùn Lọ́kọ́jà ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Alátakò ni ọmọ Íńdíà kan tí wọ́n ń pè ní Ríyà, ó ga, ó fi fìlà funfun bojú, ó sì ń fò sókè fò sílẹ̀ bíi pé ilẹ̀ ń jó o. Réfírì jókòó sórí àga gíga létí nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gbẹ́ni Christopher lorúkọ rẹ̀, Yẹ́misí sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ Ìjùmú, níbi tí Ìyàrá wà, bíi tòun ni.

"Òkun o!" ó kí i láti ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílẹ̀ wọn.

"Òkun o, mà," réfírì dáhùn, ó tẹrí ba lórí àga.

Yẹ́misí fi ìgbúnwọ́ gún Làtífù. "Ó ti bùṣe. Ọmọ ilé wa ni réfírì."

"Màmá, réfírì ò nílé," Làtífù dáhùn. "Ẹ pa fóònù yín. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́ o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

"Bí èèyàn bá wá ṣubú ńkọ́?"

"Kó dákẹ́ ṣubú."

Yẹ́misí wò ó bíi pé ó bú ìyá òun.

Abala mẹ́ta ni wọ́n máa gbá, ẹni tó bá jẹ méjì ló ni í. Gẹ́ẹ̀mù mẹ́fà ló ń gbé abala kan, ayò bíi mẹ́rin ló sì ń gbé gẹ́ẹ̀mù kan. Ríyà jẹ abala kìíní wẹ́rẹ́, mẹ́fà sí mẹ́ta, ká tó wí ká tó fọ̀. Yẹ́misí tẹ báàgì rẹ̀, ó gbọ́ bí ìwé náà ṣe ń dún kẹrẹkẹrẹ nínú ibẹ̀. Ó ti ń ro èyí tó máa sọ: Ọmọ mi, o gbìyànjú.

Àfi bí Ayọ̀mídé ṣe yípadà! Bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i lójú oorun ni. Ó ń sá láti ìhín dé ọ̀hún, ó ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù, pàà! Ohùn ògiri aládùúgbò ọjọ́sí gẹ́lẹ́ ni! Yẹ́misí tó ti ń fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn pariwo pé "Má fi ohùn bọ́ọ̀lù yẹn fọ́ mi lórí," òun náà ló dìde báyìí. Kò mọ ìgbà tó dìde. Ayọ̀mídé gbá òmíràn sí igun tí ẹnikẹ́ni ò lè dé, ìyá rẹ̀ sì pariwo, ó gbá obìnrin àìmọ̀ kan tó wà níwájú mọ́ra, ó ṣí fìlà lórí Làtífù, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀.

"Èmi ni mo bí i!" ó ń sọ fún gbogbo ayé. "Ní Lọ́kọ́jà níbí! Ọ̀sán gangan ni mo bí i!"

"Mádáàmù, àbẹ̀g, sídáùn!" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

Ayọ̀mídé jẹ abala kejì, mẹ́fà sí mẹ́rin. Ó wá ku abala kan.

Nínú abala kẹta yìí ni ẹ̀kọ́ ilé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n wà ní méjì sí méjì nígbà tí Ríyà kọsẹ̀. Ó ṣì gbá bọ́ọ̀lù náà o, bọ́ọ̀lù sì ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹnu Ayọ̀mídé ti ṣí: "Pẹ̀lẹ́ o!" Ríyà la ojú, ó dúró. Réfírì dá eré dúró. Ó ní kí wọ́n tún ayò náà gbá, ó sì kìlọ̀ pé bí Ayọ̀mídé bá tún sọ̀rọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ, òun á gba ayò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ayọ̀mídé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

"Omi! Omi ẹnu!" Làtífù ń kùn sínú. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi lófò!"

Wọ́n lọ báyìí títí ó fi di mẹ́rin sí mẹ́rin. Ọwọ́ Ríyà yẹ̀, ó fi rákẹ́ẹ̀tì gbá ara rẹ̀ lórúnkún, gbà! Ìró rẹ̀ dé etí gbogbo òǹwòran. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lófuurufú. Ẹ ò ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Pẹ̀lẹ́!"

Réfírì Christopher gbé ọwọ́ sókè, ó fún Ríyà ní ayò náà. Ayò yẹn gan-an ló sì ṣẹ́kù kí Ríyà tó jẹ gẹ́ẹ̀mù náà. Márùn-ún sí mẹ́rin, Ríyà ló wà níwájú. Bó bá tún rí gẹ́ẹ̀mù kan gbà, ó parí.

Inú bí Yẹ́misí débi pé etí rẹ̀ ń hó. "Ọ̀gá Christopher! Ẹ̀yin ọmọ Ìjùmú! Ṣé nítorí pé ọmọ mi ní ẹ̀kọ́ lẹ ṣe ń jẹ ẹ́ níyà? Wọn ò kọ́ yín nílé ni?"

Réfírì yí ojú sí i, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. "Màmá, ìyá tèmi náà fi pàṣán kọ́ mi. Òfin ni. Bí ariwo bá sì ti ọ̀dọ̀ òǹwòran wá nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ, a máa fagi lé ayò náà ni, ì báà jẹ́ ọmọ yín ló jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jókòó."

Yẹ́misí jókòó. Ọ̀rọ̀ ìyá àti pàṣán yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Ta ló wà lẹ́nu ọmọ yìí tó ń sọ̀rọ̀? Ṣebí òun ni! Ìdíje mọ́kànlá, òun náà ló ń jókòó sẹ́nu ọmọ kiri, láti Kútọnu dé Àbújá, òun tún gbé ìwé sínú báàgì láti wá dá ẹjọ́ ẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Kò fẹ́ kí ọmọ náà jókòó sídìí tábìlì kankan. Ó fẹ́ kó jáwé olúborí.

Lórí pápá, Ayọ̀mídé gbójú sókè wá a, bó ṣe máa ń wá a láti kékeré bó bá fọ́ àwo. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Yẹ́misí ọmọ Ìyàrá, tó fi odidi ọdún mẹ́tàlélógún kọ́ ọmọ láti sọ̀rọ̀, gbé ìka kan, ó fi lé ètè ara rẹ̀.

Ayọ̀mídé mi orí lẹ́ẹ̀kan pé òun gbọ́.

Ó dá a padà sí márùn-ún márùn-ún. Ó di mẹ́fà sí márùn-ún. Ayọ̀mídé ló wà níwájú! Bó bá jẹ gẹ́ẹ̀mù kan sí i, tó di méje sí márùn-ún, ó parí nìyẹn. Làtífù ti ń gbàdúrà ní èdè Lárúbáwá, Yẹ́misí ń gbà á ní ti Jésù, ọlọ́jà kan tó wà lẹ́yìn wọn ń fi Haúsá gba tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ èwo ló kọ́kọ́ gòkè. Nígbà tó yá, ó ku ayò kan ṣoṣo.

Wọ́n gbá ayò yẹn títí. Bọ́ọ̀lù lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, orí gbogbo òǹwòran ń tẹ̀ lé e. Ayọ̀mídé gbá a sí igun apá òsì, Ríyà sáré, ó nà gbọọrọ, ó sì kàn án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Omidan náà ṣubú yakata, ó fi àyà balẹ̀, fìlà rẹ̀ yí lọ, rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fò dànù. Ẹ gbà mí o! Ìṣubú tí èèyàn máa ṣubú, tí ìyá rẹ̀ á gbọ́ nílé! Bọ́ọ̀lù tó kàn ń lọ sókè, sókè, kò sì yá a láti wálẹ̀.

Gbogbo ẹnu tó wà níbẹ̀ ló ṣí. Yẹ́misí gbọ́ pẹ̀lẹ́ tirẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, pẹ̀lẹ́ ìyá rẹ̀, pẹ̀lẹ́ gbogbo Ìyàrá, ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun, bó bá jáde, ayò bàjẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó fa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà jáde, ó kì í bọ ẹnu, ó sì gé e mọ́ eyín pinpin. Làtífù ti já fìlà rẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kì í bọ ẹnu tirẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, ojú àwọn méjèèjì yọ síta.

Ayọ̀mídé dúró lábẹ́ bọ́ọ̀lù náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bàntì-bantì, àfi bíi pé omi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà nínú ibẹ̀. Omijé ìyọ́nú ń jáde lójú rẹ̀. Ó gbé rákẹ́ẹ̀tì sókè.

Pàà!

Bọ́ọ̀lù bọ́ sínú ìlà, ó fò, ó lu ògiri ẹ̀yìn. Ó parí.

Lẹ́sẹ̀ kan náà ni gbogbo pápá Felele pariwo. Kì í ṣe "Góòlù!" kì í ṣe "Ó ti jẹ ẹ́!" Ohun tí èèyàn igba ó lé kígbe pọ̀ ni "PẸ̀LẸ́ O!" Ayọ̀mídé ti fo nẹ́ẹ̀tì, ó ti gbé Ríyà dìde, ó ń gbọn eruku orúnkún rẹ̀, pẹ̀lẹ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ wìtìwìtì, gbogbo èyí tó gbé mì látàárọ̀: pẹ̀lẹ́ orúnkún, pẹ̀lẹ́ fìlà, pẹ̀lẹ́ oòrùn, pẹ̀lẹ́ pé mo nà ọ́. Ọmọ Íńdíà náà kọ́kọ́ yanu, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọn. Réfírì Christopher kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé Ayọ̀mídé Mákánjúọlá ló jáwé olúborí. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún fà mọ́ ẹ̀rọ náà.

"Ríyà," ó ní, "pẹ̀lẹ́ o."

Yẹ́misí ò mọ bó ṣe dé ìsàlẹ̀. Ó ń sáré, ó ń jó, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀, èkejì wà lọ́dọ̀ obìnrin àìmọ̀ yẹn. Ayọ̀mídé sáré pàdé rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ fà á dìde, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹkún tí wọ́n sun ní gbangba nìyẹn, kì í ṣe ti balùwẹ̀.

"Màámi," Ayọ̀mídé ní, ó ń wò ó lẹ́nu, "kí lẹ jẹ sẹ́nu?"

Yẹ́misí yọ ọ́. Ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ ni. Itọ́ ti rin ín, eyín rẹ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ ti lu orúkọ Ayọ̀mídé já, òǹtẹ̀ ìjọba ò sì sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Ó fi ahọ́n wá a kiri ẹnu, ó rí i, ó tu ú sọ́wọ́.

"Ẹ ti jẹ ìwé ìjọba!" Ayọ̀mídé kígbe.

"Wọ́n á tẹ òmíràn fún ọmọ ẹlòmíì," Yẹ́misí dáhùn.

Ó tún ìwé náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọdún méjì ló fi wá a, àwọn ọ̀gá tó kúnlẹ̀ fún ò lóǹkà. Ó rọra ká a, ó fi ọwọ́ nù ún bí ẹni nu ojú ọmọdé.

"Pẹ̀lẹ́," ó sọ fún un, ó sì jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí tó wà létí pápá.